Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Torino Nínú Wa

Kété tí a kírun àsùbáà tán ni ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí Èkó dé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìwó. Màámi ti jí ṣáájú gbogbo ilé. Wọ́n ti di èlùbọ́ àti gààrí fún Gàníyù àbúrò mi, wọ́n sì wé irú sínú ọ̀rá mẹ́ta kí àwọn aṣọ́bodè má baà gbóòórùn rẹ̀. Mo ní òórùn irú kì í gbọ́ ti ọ̀rá. Wọ́n ní kí n ṣáà máa gbé e lọ, pé ọmọ tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, irú ló máa kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń wá lọ. Bàbá wa, Àlájì Lásísì, tí wọ́n papòdà lọ́dún tó kọjá, lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Torino, ìlú kan lápá òkè orílẹ̀-èdè Ítálì, kí wọ́n tó padà wá jókòó sílé. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé àwọn ni ọmọ ìlú wa àkọ́kọ́ tó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, pé àwọn ló la ọ̀nà tí àwọn yòókù ń tọ̀. Ilé Torino ni wọ́n ń pe ilé wa. Ìyá Torino ni wọ́n ń pe Màámi. Ọlọ́kadà tí kò mọ orúkọ àdúgbò wa mọ Ilé Torino. Ní báyìí, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lọ́hùn-ún gba gbọ̀ngán ìpàdé kan ní ìlú Reggio Emilia, wọ́n sì fẹ́ kọ orúkọ bàbá wa sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí pé olùkọ́ ìtàn ni mí, wọ́n ní kí n wá kọ bí a ṣe tẹ̀dó síbẹ̀, kí n sì kà á lọ́jọ́ ìṣílé. Inú mi dùn débi pé mo ti kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ kí a tó jáde ní Ìbàdàn: bàbá mi ló kọ́kọ́ dé.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Milan ni Gàníyù ti wá pàdé mi, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Torino. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ òkè ńlá tí yìnyín bo orí rẹ̀ yí i ká lọ́ọ̀ọ́kán. Oṣù kẹrin ni, àwọn onílé ti ń bọ́ kóòtù, èmi ṣì ń gbọ̀n. San Salvario ni Gàníyù ń gbé, àdúgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Porta Nuova. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ níbẹ̀. Iṣu kan tí kò ju apá mi lọ ń lọ ní yúrò méjìlá. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sí náírà, mo sì rọra gbé iṣu náà padà síbi tí mo ti mú un. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ́ Yorùbá bíi tèmi, àmọ́ èdè Ítálì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, a sì jọ ń bára wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ìjà.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní àwọn òyìnbó yìí jọ wá níbì kan. Tí wọ́n bá fẹ́ wọlé ẹni, wọ́n á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á ní "permesso", àgò ni wọ́n ń ké yẹn. Tí wọ́n bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní "buon lavoro", ẹ kú iṣẹ́ ni. Mo rò pé àwa nìkan la ní in láyé. Àmọ́ ti kọfí wọn ò yé mi. Yúrò kan àti ọgbọ̀n sẹ́ńtì ni wọ́n ń tà á, ife rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ, ìdúró ni wọ́n sì ń mu ún bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Gàníyù mú mi lọ wo ilé tí bàbá wa kọ́kọ́ gbé, wíńdò kan lókè kẹta, tí wọ́n sá aṣọ ọmọdé sí. Mo dúró nísàlẹ̀, omi dà lójú mi. Mo bi í pé ta ló fún wọn ní yàrá náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọn ò gbọ́ èdè, tí wọn ò mọ ẹnì kankan. Ó ní òun ò mọ̀, pé ó ti tó ogún ọdún tí bàbá ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé. Ó ní kí n lọ bá Àlájì Súlè ní Parma, pé àgbà ni wọ́n, wọ́n á rántí.

Mo dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Parma lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo ibùdó ni mo wọ̀ torí òun ló dínwó, kò tó ogún yúrò. Gàníyù ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbàgbé láti ṣe "timbrare", ìyẹn ni pé kí n ki tíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan lára ògiri kó lù ú lóńtẹ̀. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò lù ú, bí ẹni tí kò rà ni. Ọ̀nà náà gbà tó wákàtí mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò sì kí mi. Ó ṣe mí bákan láti jókòó kojú ènìyàn fún wákàtí mẹ́ta láìmọ ilé tó ti wá.

Parma jẹ́ ìlú oúnjẹ, ìlú ẹlẹ́dẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú ni wọ́n so rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Mo sáré kọjá, mo ń ṣe bíi pé mi ò rí wọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe màkàróní ni Àlájì Súlè ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀, wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin bàbá mi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ẹni tó gba bàbá mi sílé, wọn ò tiẹ̀ ronú kí wọ́n tó dáhùn.

"Mufutau ni. Òun ló lọ pàdé wọn ní Porta Nuova."

Mo bi wọ́n pé ta ni Mufutau. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ ohun tí ẹnu wọn ti sọ. Wọ́n gbé ife tíì wọn, wọ́n tún gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ìlú wa ni, láti ilé Alágbẹ̀dẹ, pé ìgbà òtútù méjì ló ti lò ní Torino kí bàbá mi tó dé.

"Ó wà ní Padova. Lọ bi í léèrè fúnra rẹ," ni wọ́n wí. "Èmi ò fẹ́ fi ẹnu mi tú ilé onílé."

Mo fẹ́ kí Àlájì Súlè máa parọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí, ojú ń tì mí. Ọjọ́ orí mi ti tó méjìdínláàádọ́ta, ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé òtítọ́ ni ìtàn, àmọ́ nígbà tó kan ti bàbá tèmi, irọ́ ni mo ń tọrọ. Mo pe Gàníyù lórí fóònù. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ ní Parma fún un.

"Àǹtí, ẹ kọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, kẹ́ ẹ padà wá," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá sọ nǹkan mìíràn, kí lẹ máa sọ fún Màámi? Orúkọ wo ni wọ́n á máa pè wọ́n?"

Ṣùgbọ́n mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Padova.

A gba Bologna kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ lọ títí, oko àgbàdo àti ọgbà àjàrà ni wọ́n ń dá, kò sí igbó kankan tí ẹranko lè sá sí. Àdúgbò Arcella, lẹ́yìn ibùdókọ̀, ni Mufutau, tí gbogbo ènìyàn níbẹ̀ ń pè ní Bàbá Mufutau, ń gbé pẹ̀lú Sílífá ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín wọn yá. Bí mo ṣe dárúkọ bàbá mi báyìí, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò jù ú sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí," wọ́n sì ń tún un sọ fún Sílífá bíi pé kò gbọ́.

Sílífá kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà lòun náà. Ó kó ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì kí n lè ráàyè jẹun. Àwọn ọmọ náà ti ya kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà, tí aṣọ funfun bò, ọkọ níwájú, ìyàwó àti ọmọ lẹ́yìn. Mo bi í pé kí ni. Ó ní àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ lọ tẹ̀dó sínú igbó Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ni, "pionieri" ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo ní ní tiwa, ọdẹ ló sábà máa ń jẹ́, atẹ̀dó là ń pè é. Ó ní òun mọ̀. Ó ní nínú ìwé tí àwọn fi ń kọ́ wọn, orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ ò sí, ti àwọn onílẹ̀ tó bá níbẹ̀ ò tilẹ̀ sí rárá. Lẹ́yìn náà ló bu polenta fún mi, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n rò bíi tùwó, a sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́.

Bàbá Mufutau ò fẹ́ sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dé Torino, kò sí ọmọ ìlú wa kankan níbẹ̀. Opó kan tó ń jẹ́ Piera ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn nígbà tí àwọn onílé yòókù ń tì í, ó fún wọn ní yàrá lókè kẹta. Wọ́n ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ní ọdún kejì, lẹ́tà kan ti ilé dé pé Lásísì ń bọ̀, àmọ́ lẹ́tà náà ò sọ ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Mufutau fi lọ dúró ní Porta Nuova lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń wo ojú ènìyàn dúdú kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Bàbá mi fi ọdún márùn-ún jù wọ́n lọ, nítorí náà bàbá mi ló sùn sórí rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni onílé fi sùn sílẹ̀, tí àlejò ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ìyàwó wọn dé, òun ló ń dáná fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, wọn ò sì ka iye wọn rí.

Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú wa di méje, wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ nínú yàrá yẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín. Bàbá Mufutau ti bàbá mi síwájú, torí ẹnu wọn ò gbọdọ̀ ṣáájú ti ẹ̀gbọ́n. Àlejò kan tó ti ilé wá ya fọ́tò wọn, ó sì mú un lọ sílé pé Lásísì rèé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kó lọ sí Torino. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́. Àpọ́nlé lásán ló di ìtàn.

Mo bi wọ́n pé ṣé bàbá mi mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé. Wọ́n ní wọ́n mọ̀. Mo ní ṣé wọ́n tún un ṣe. Wọ́n wo ilẹ̀. Ìyẹn ti tó èsì fún mi.

Mo sọ fún wọn pé nílé wa, obìnrin tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyálé, kódà kí ìyàwó tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ ìwọlé là ń kà, a kì í ka ọjọ́ orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"Èmi àti bàbá rẹ ò fẹ́ ọkọ kan náà," ni wọ́n wí. Ìgbà tí ẹ̀rín parí, wọ́n tún di ọwọ́ mi mú. "Má kà á. Ó ti kú, kò lè dá ara rẹ̀ láre mọ́. Ta ló ń bá òkú du orúkọ? Tó o bá tiẹ̀ fẹ́ kọ orúkọ ẹnì kan, kọ ti Piera."

Sílífá ti dìde. Ó dúró ti wíńdò, ó kẹ́yìn sí wa.

"Non è giusto," ó wí, "kò dáa, Àǹtí. Ọdún keje rèé tí màmá mi ti kú nílùú yìí. Ẹnì kankan ò wá láti ilé yín, ẹnì kankan ò pè."

Mo ní a ò mọ̀.

"Ẹ ò mọ̀ lóòótọ́. Torí ẹ ò mọ ẹni tá a jẹ́ sí yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo wa la mọ̀ pé àlejò kì í wọ ìlú kó má ní onílé, àti pé ẹni tó gba bàbá ẹni sílé, ẹbí ni títí láé. Tó bá ń ṣọ̀fọ̀, ẹ ó lọ. Tó bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ ó lọ. Tiwa ò lọ rí. A jókòó sí Ilé Torino, wọ́n ń fi orúkọ onílé kí wa, a sì ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣí gbọ̀ngán náà. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Reggio Emilia ló wà, láàárín ilé onígbàjámọ̀ àwọn ará Ṣáínà àti ṣọ́ọ̀bù ẹran àwọn ará Mòrókò. Wọ́n ti gbẹ́ orúkọ bàbá mi sára pákó, wọ́n fi aṣọ bò ó. A tó ogójì níbẹ̀. Sílífá fi ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Gàníyù ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kà, ó jókòó síwájú, kò wò mí.

Mo kà á pé Mufutau ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ dé, pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Piera ló gbà á, pé Mufutau náà ló gba bàbá mi. Mo dárúkọ ìyàwó wọn tó ń dáná. Mo kà á pé bàbá mi ni ìkejì, pé wọ́n jẹ́ ènìyàn rere, pé wọ́n gbọ́ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló nira jù fún mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí ni mo mọ̀, àwọn kan ní ọmọ wo ló ń tú àṣírí bàbá rẹ̀. Àlájì Súlè dìde, wọ́n ní òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Mufutau rìn wá síwájú, àwọn tó ń pariwo jókòó. Wọn ò sọ pé òótọ́ ni tàbí irọ́. Wọ́n ní kí a ṣàdúrà fún òkú, wọ́n sì fi orúkọ bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé pákó náà padà sínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó.

Gàníyù ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin títí a fi kọjá Piacenza. Ìgbà tó ya, ó ra kọfí méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ tà á kiri nínú ọkọ̀, ó gbé ọ̀kan fún mi. Ó ní kí n múra bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màámi, pé kì í ṣe òun ló máa bá mi sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọ Ìwó. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo dúró títí àwọn tó wá kí mi fi lọ tán, mo sì jókòó síwájú Màámi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò bo nǹkan kan. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn lọ, mo rò pé wọn ò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní àwọn mọ̀.

"Bàbá yín kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí mi, pé ọmọ kan láti ilé Alágbẹ̀dẹ ló gba àwọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Torino, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi, Àdùkẹ́. Mi ò ní nǹkan mìíràn nígbà yẹn. Ọkọ mi ò sí nílé, orúkọ yẹn ni mo ní."

Ohun tí mo rò pé mo lọ kọ́ ni bí ènìyàn ṣe ń la ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó la ọ̀nà tún bá ẹnì kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ènìyàn rere lè gba ilé lọ́wọ́ onílé. Mi ò mọ̀ bóyá bí mo ṣe ṣe é dára. Mo mọ̀ pé tí mo bá kà á bí wọ́n ṣe fẹ́, mi ò ní lè dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi wọ aṣọ tí wọ́n fi ń kírun ọdún, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ilé Alágbẹ̀dẹ. Àbúrò Bàbá Mufutau obìnrin ló wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ó kéré sí Màámi dáadáa, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Màámi ti kúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́wàá. Obìnrin náà sáré fa apá wọn, ó ní, "Ìyá Torino, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ìyá Lásísì ni kó o máa pè mí," ni Màámi wí, ọ̀rọ̀ Ìyá ti mọ́ wọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni wọ́n mi orí, wọ́n tún un ṣe. "Ìyàwó Lásísì. Ọmọ ilé yín ló gba ọkọ mi sílé. Mo wá dúpẹ́, ó ti pẹ́ jù. Ẹ má bínú."